Ọdẹ Orí: Níbo Ni Ìbànújẹ́ Ń Gbé Nínú Ara?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà. Lóru ọjọ́ kan tí ìdánwò kù díẹ̀, a jọ ń kàwé, ló bá ṣàdédé gbá orí rẹ̀ mú, ó ní, "Nǹkan kan ń rìn lórí mi. Ó ń rìn bí èèrà." A kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Kò rí oorun sùn mọ́, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, etí rẹ̀ ń hó, bó bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò ní rántí ìlà kan níbẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n yẹ ibà wò, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń rò. Nígbà tí a wọlé fún sáà kejì, àga rẹ̀ ṣófo.

Nígbà ìsinmi, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, mo sì ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ọdẹ orí nìyẹn," ni wọ́n wí.

"Ìyá àgbà, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọdẹ ni. Ó wọ inú orí ènìyàn lọ, ó ń dọdẹ kiri níbẹ̀. Nígbà mìíràn á sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà. Ṣé ọmọ yẹn ń ronú púpọ̀ ni?"

Ìbéèrè tí ilé ìwòsàn kò bèèrè nìyẹn. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Aládùúrà pọ́ńbélé ni ìyá àgbà. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, omi àdúrà ni wọ́n ń mu, wọn kì í fi ẹnu kan àgbo. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ onísègùn ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé etíkun Ìlàjẹ rí lè rò pé òkè kan wà ní ìlú tó ń jẹ́ Oríòkè. Kò sí òkè níbẹ̀ rárá. Omi ló yí wa ká, ọkọ̀ ojú omi la fi ń rìn, ilé wa dúró lórí òpó. Òkè àdúrà ni òkè tó wà nínú orúkọ náà. Ilẹ̀ Aládùúrà ni gbogbo agbègbè yẹn, ọ̀rọ̀ ọdẹ orí sì wà láàyè níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìtàn ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú: níbo nínú ara ni àwọn baba wa gbà pé èrò, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ń gbé? Àti pé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìmọ̀ yẹn tí ọmọ Yorùbá fi lè sọ àìsàn rẹ̀ ní èdè tó já gaara, kí dókítà tó jẹ́ Yorùbá bíi tirẹ̀ má sì gbọ́ ohun tó sọ?

Àwọn ẹ̀yà ara tó ń ronú

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹnu wa. Bí nǹkan bá bà wá lẹ́rù, àyà wa á já. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ wa, inú wa á dùn. Bó bá burú, inú á bí wa, inú á bà jẹ́. Ẹni tó ní sùúrù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí kò bẹ̀rù, a ní ó láyà. Ẹni tó gbọ́n, a ní ó ní ọpọlọ. Ẹni tó ń kánjú ṣe nǹkan, àwọn àgbà á ní kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro. Ìyẹn ni pé kó fara balẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí.

Wọ́n lè sọ pé àṣàyàn ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn. Àwọn onímọ̀ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ń ṣàlàyé ohun tí Yorùbá ń pè ní ènìyàn láti inú ẹsẹ Ifá, ó ya ara sọ́tọ̀, ó ya ẹ̀mí sọ́tọ̀, ó ya orí sọ́tọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kún un. Ẹ̀mí ni Olódùmarè mí sínú wa. Orí ni a yàn lọ́dọ̀ Àjàlá alámọ̀ ká tó wá sáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó gbé jáde ní 1991, fi àlàyé kún ti ọpọlọ, ọkàn àti ìfun. Ọpọlọ ni làákàyè wà. Ọkàn ni ìmọ̀lára àti ìgboyà wà. Ìfun ni agbára wà, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò lágbára bí ẹni tí kò ní ìfun tó pé. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ara àti iṣẹ́ tó ń ṣe fún ìwà.

Àwọn onísègùn náà ní òye tiwọn. Anthony Buckley, tó gbé ìwé kan jáde lórí ìṣègùn Yorùbá ní 1985, ṣàlàyé pé àwọn onísègùn tó bá sọ̀rọ̀ gbà pé kòkòrò àti aràn ń gbé nínú ara gbogbo wa, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ rere níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n kúrò nínú àpò wọn, ni wọ́n ń di àrùn. Oògùn kò wá láti pa wọ́n run. Ó wá láti dá wọn padà sí ààyè wọn. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rí i pé ọdẹ tó ń rìn láti orí wá sí àyà kò ṣàjèjì sí irú òye bẹ́ẹ̀. Ohun kan ti kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Ààfin inú ara

Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ àti òróǹro yìí ni mo rántí ohun kan tí mo kà nípa Ṣáínà. Àwọn náà ní ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ àti òróǹro, wọ́n sì ti kọ tiwọn sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ìwé ìṣègùn tí wọ́n kà sí ìpìlẹ̀ jù lọ ni Huangdi Neijing. Orúkọ Huangdi, ọba àtayébáyé kan, ni wọ́n fi pè é, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn gbà pé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì sí ìkíní ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jọ. Nínú ìwé náà, ara ènìyàn dà bí ààfin. Ọkàn ni ọba. Ẹ̀dọ̀fóró ni olóyè tó dúró ti ọba. Ẹ̀dọ̀ ni balógun, òun ló ń pète ogun. Òróǹro ni adájọ́, òun ló ń pinnu. Bí ọkàn bá wà ní àlàáfíà, gbogbo ìlú á tòrò.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀yà ara márùn-ún ló ń tọ́jú ẹ̀mí márùn-ún. Ọkàn ń tọ́jú shen, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ òye tó ń hàn lójú ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú hun, apá kan ẹ̀mí tó ń rìn kiri bí a bá ń lálàá. Ẹ̀dọ̀fóró ń tọ́jú po, apá tó so mọ́ ara, tó ń bá ara lọ sínú ilẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré tó wà lápá òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù, tí Òyìnbó ń pè ní spleen, ń tọ́jú yi, ìyẹn èrò. Kíndìnrín ń tọ́jú zhi, ìyẹn ìpinnu àti ìfẹ́ láti ṣe nǹkan. Ìmọ̀lára náà pín bẹ́ẹ̀: ìbínú jẹ́ ti ẹ̀dọ̀, ayọ̀ jẹ́ ti ọkàn, ìrònú jẹ́ ti spleen, ìbànújẹ́ jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, ìbẹ̀rù jẹ́ ti kíndìnrín. Wọ́n ní ìbínú a máa gbé qi, agbára tó ń ṣàn nínú ara, sókè. Ìbẹ̀rù a máa mú un sọ̀ kalẹ̀. Ìrònú àrònújù a máa dì í ní kókó.

Mi ò sọ pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ pẹ̀lú wa o. Ní tiwa, bí ọkàn bá balẹ̀, àlàáfíà dé. Ní tiwọn, ohun tó bá sọ̀ kalẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rù. Wọn kò ní orí tí a yàn lọ́run gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ní in, àwa náà kò sì pín ìmọ̀lára sí ọ̀nà márùn-ún. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì gbà pé kò sí ògiri láàárín ara àti èrò. Ẹni tó bá ní àyà òun ń já, ó ń sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn kò fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Wang Qingren lọ wo òkú àwọn ọmọdé tí àjàkálẹ̀ àrùn pa, tí wọn kò sin dáadáa. Nígbà tó di 1830, ó gbé ìwé kan jáde tó fi ń tún àṣìṣe àwọn onísègùn àtijọ́ ṣe. Ó ní ọpọlọ ni òye àti ìrántí ń gbé, pé kì í ṣe ọkàn. Àríyànjiyàn inú ilé nìyẹn. Òyìnbó kọ́ ló wá bá wọn dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti ọfọ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà ìjọba Tang, ẹ̀ka kan wà nínú iléeṣẹ́ ìṣègùn ọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ọfọ̀ láti lé àrùn. Nígbà tí ìjọba tuntun fẹ́ fòfin de ìṣègùn ìbílẹ̀ ní 1929, àwọn onísègùn kóra jọ ní Shanghai láti kọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba ní 1949, ìjọba tún ìmọ̀ náà tò. Ní 1956, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́rin sílẹ̀ fún un, ní Beijing, Shanghai, Guangzhou àti Chengdu. Wọ́n kọ ìwé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì gé ọ̀rọ̀ iwin àti ọfọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ayé ń pè ní ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà lónìí, inú àtúntò yẹn ló ti jáde. Wọ́n sọ nǹkan nù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí ọpọlọ di ẹ̀sùn

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín lákòókò kan náà?

Ìjọba amúnisìn ti ṣí ilé ìtìmọ́lé fún àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá ní 1907. Ní 1944, wọ́n ṣí òmíràn ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, fún àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì ti da orí wọn rú. Ìtìmọ́lé ni wọ́n lóòótọ́. Ìtọ́jú kò pọ̀ níbẹ̀. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí dókítà Òyìnbó kan, J. C. Carothers, tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ nípa ọpọlọ àwọn ọmọ Áfíríkà. Carothers fi ọmọ Áfíríkà wé Òyìnbó tí wọ́n ti gé iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní a kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá ibẹ̀. Ìdí tí àwọn kan nínú wọn sì fi rò pé ìbànújẹ́ tó le kì í ṣe wá ni pé a kì í sọ pé a jẹ̀bi tàbí pé ayé sú wa. Ara la máa ń sọ. Orí ń gbóná, àyà ń já, nǹkan ń rìn. Wọ́n gbọ́ ara, wọn kò gbọ́ ìbànújẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó dá wọn lóhùn ni ọmọ Abẹ́òkúta kan. Thomas Adéoyè Làm̀bó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wá sílé. Ní 1954, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní ọ̀nà tí ayé kò tíì rí irú rẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, nítorí náà ó lọ bá àwọn baálé abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ẹbí kan wá tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa sin ín lọ gba abẹ́rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbé láàárín àwọn ènìyàn, wọ́n ń lọ sóko, wọ́n ń jó níbi ayẹyẹ. Làm̀bó tún gba àwọn onísègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dókítà. Kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ló tọ̀nà. Ó mọ̀ pé wọ́n gbọ́ èdè aláìsàn.

Ní 1961, ìpàdé àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ wáyé ní Abẹ́òkúta. Láàárín àkókò yẹn náà ni Làm̀bó àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣáájú wọn, rìn ká àwọn abúlé àti ìlú Yorùbá. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó dúró fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní depression, ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ kún ẹnu àwọn ènìyàn: àìróorunsùn, ẹkún, àìlejẹun, kí ayé má wu ènìyàn gbé. Ọ̀rọ̀ Carothers wó lulẹ̀.

Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ ìròyìn kan ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí wọn ń jó, ojú wọn ń ṣú, ohun tí wọ́n kà kì í wọlé, nǹkan ń rìn lórí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ń pè é ní brain fag. Mo ka èyí, mo sì fi ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni mo rí níbẹ̀, ní ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún ṣáájú ká tó jókòó kàwé lóru yẹn. Prince tún lọ bá àwọn onísègùn wa jókòó. Ó rí i pé ewé asofẹ́yẹjẹ wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè. Ohun kan tó wà nínú igi yẹn, reserpine, náà làwọn Òyìnbó yọ jáde lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ní 1952, tí wọ́n sì sọ di oògùn àwọn alárùn ọpọlọ. Àwọn baba wa kò mọ orúkọ yẹn. Wọ́n mọ igi náà.

Ó wá kù ọdẹ orí. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Mákanjúọlá gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Yúróòpù nípa àwọn aláìsàn Yorùbá tí àwọn fúnra wọn tàbí onísègùn pe àìsàn wọn ní ọdẹ orí. Nǹkan ń rìn ní orí wọn, etí ń hó, àyà ń lù. Nígbà tó wo ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ìbànújẹ́ àti àníyàn ló bá níbẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà mi sọ fún mi lórí pèpéle wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà, ti wà nínú ìwé àwọn dókítà kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ṣáínà gbè é lẹ́sẹ̀. Ní 1980, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan, Arthur Kleinman, lọ sí ìpínlẹ̀ Hunan, ó bá ọgọ́rùn-ún aláìsàn sọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ pé shenjing shuairuo ló ń ṣe wọ́n, ìyẹn àárẹ̀ iṣan ara. Orí fífọ́, òòyì, àìsùn, àárẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn. Ó rí i pé ìbànújẹ́ tó le ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ìyà tí wọ́n jẹ nígbà rògbòdìyàn àṣà ìjọba Mao sì wà nínú rẹ̀. Níbi tí kò ti sí ààyè láti sọ pé ìjọba bà mí nínú jẹ́, ara ló gba ẹnu sọ ọ́. Ẹ wo ọmọ tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ láti rán an ní yunifásítì. Ta ni yóò lọ sọ fún pé ẹ̀rù ń ba òun? Ó rọrùn kó ní orí ń fọ́ òun.

Òkè àdúrà

Kí ni ti Aládùúrà nínú gbogbo èyí? Àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti 1918 wà lára ohun tó bí wọn. Oògùn ìbílẹ̀ kò ràn án, ti Òyìnbó kò ràn án, àwọn Kírísítẹ́nì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá yíjú sí àdúrà nìkan. Ní 1925, Mose Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Abíọ́dún Akínṣọwọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀ka wọn dé ọ̀dọ̀ wa létí òkun, ó sì ta gbòǹgbò. Ní 1947, àwọn kan tẹ Ayétòrò dó, ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń pín ohun ìní wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ gbàgbọ́ pé ikú kò ní mú àwọn.

Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kí Aládùúrà tó dé, Ayélála ni gbogbo Ìlàjẹ ń bẹ̀rù, òrìṣà tí ń fìyà jẹ ẹni tó bá búra èké tàbí tó fi ìwà ibi pamọ́ sínú. Ìjẹ́wọ́ ló ń tú u sílẹ̀. Wòlíì náà máa ń bèèrè ìjẹ́wọ́. Ó máa ń bèèrè àlá. Ó máa ń gbé ọwọ́ lé orí. Ẹni tó bá lọ sórí òkè àdúrà, ẹnì kan á jókòó tì í, á bi í pé, "Kí ló wà nínú rẹ?" Ohun tí ìyá àgbà bi mí nípa ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Mo ti wá rí i pé aṣọ funfun náà kò pa ìmọ̀ yẹn rẹ́. Ó kàn gbé e wọ inú ilé mìíràn.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi apá kan pamọ́. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn alárùn ọpọlọ ní Nàìjíríà, ní ilé àwọn onísègùn, ní ilé ìjọsìn Kírísítẹ́nì àti ti Mùsùlùmí, àti ní ibùdó ìjọba pàápàá. Ẹni tó bá gbọ́ èdè aláìsàn tó tún fi ẹ̀wọ̀n dè é, kí ni àǹfààní ìgbọ́ náà? Bẹ́ẹ̀ ni Wang Qingren náà kọ́ wa pé ìmọ̀ àwọn baba lè ṣìnà, kí ọmọ inú ilé sì tún un ṣe láì jẹ́ pé ó kọ ilé sílẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ní January 2023, Nàìjíríà gba òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, ó fi rọ́pò òfin tó ti wà láti 1958. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń lò lórí rédíò: ìlera ọpọlọ. Ní etí Yorùbá, ìbátan ọ̀rọ̀ yẹn tó sún mọ́ ọn jù ni kí ọpọlọ ènìyàn dàrú. Bí ọ̀rẹ́ ẹni bá ṣe ohun tí kò bójú mu, a máa ń ní ká gbé e lọ Arò. Ibi tí Làm̀bó fi yọ ìtìjú kúrò lára àìsàn la tún sọ di èébú. Ta ni yóò wá fẹ́ lọ síbẹ̀ nítorí pé inú rẹ̀ bà jẹ́? Àwọn ará Ṣáínà fi xin, ìyẹn ọkàn, sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìmọ̀ nípa èrò ẹ̀dá, títí dòní. Àwa náà ní ọkàn, a ní inú, a ní orí. Bí dókítà bá bi aláìsàn pé, "Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀?" ó ti bèèrè ohun tó pọ̀ ju ìbéèrè nípa ọpọlọ lọ.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé àwọn àrùn ayé tuntun, ó sì ní orí kan fún ìṣègùn ìbílẹ̀. Inú ìṣègùn tó ti Ṣáínà wá, tí Japan àti Kòríà náà ń lò, ni wọ́n ti mú ohun tó wà nínú orí náà nígbà náà. Ọdẹ orí kò sí níbẹ̀. Ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ brain fag sínú àkójọ rẹ̀ ní 1994. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 2013, shenjing shuairuo ní ààyè tirẹ̀, brain fag kò ní in mọ́. Mi ò gbà pé tiwọn jinlẹ̀ ju tiwa lọ. Wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀, wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wọn ní kíláàsì. Tiwa wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, ìyá àgbà kì í sì í pẹ́ láyé títí.

Iṣẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kò ju èyí lọ. Ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn nínú yín, ẹ béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí kí ẹ tó kọ oògùn ẹ̀fọ́rí. Ẹni tó ń kọ́ Yorùbá tàbí ìtàn, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà ní ìlú yín, ẹ kọ orúkọ àwọn àìsàn yìí sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n ní ó ń fà á. Ẹni tí nǹkan ń rìn lórí rẹ̀, jọ̀wọ́ má fi ṣe àwàdà. Sọ fún ẹnì kan.

Kí n tó kúrò ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, mo gun orí afárá pákó lọ síbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dára díẹ̀, mo pe ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ fún un pé ohun tó ń ṣe é ní orúkọ, pé ìyá àgbà mi mọ̀ ọ́n, pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti kọ nípa rẹ̀, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ti ní in láti ìgbà àwọn bàbá bàbá wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ débi tí mo rò pé ìlà ti já.

"Ṣé ó lórúkọ?" ló wá bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo rò pé èmi nìkan ni."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló lọ bá dókítà mìíràn, èyí tó mọ̀ nípa ọkàn. Ó ní òun kọ́kọ́ sọ "ọdẹ orí" fún un, dókítà náà sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Jókòó dáadáa. Sọ fún mi bó ṣe bẹ̀rẹ̀."